Ọ̀rọ̀ Méjì Lórí Máìkì: Àkọsílẹ̀ Òde Ọgọ́rin Ọdún Kan ní Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ méjì péré ló bọ́ lẹ́nu olórin náà: "Ìyá ẹ!" Nígboro Ìbàdàn, àwọn ọmọkùnrin lè sọ ọ́ síra wọn lẹ́ẹ̀mẹwàá láàárọ̀, kí wọ́n sì jọ jẹ ẹ̀wà nínú àwo kan náà lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n inú gbọ̀ngàn tí a ti ń ṣe ọgọ́rin ọdún ìyá oníyàá ni èyí ti ṣẹlẹ̀, inú sípíkà ńláńlá ló sì gbà jáde.

Iṣẹ́ ṣíṣètò òde ni mò ń ṣe. Èmi ni mo ṣètò ọjọ́ yẹn, èmi ni mo bá olórin ṣe àdéhùn, àṣẹ tí mo fi ẹnu ara mi pa ló sì fa ọ̀rọ̀ náà jáde. Mo kọ èyí fún àwa tí a jọ wà nídìí iṣẹ́ yìí: aṣètò òde, máníjà olórin, alága ìdúró, oní-sáùńdì. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, mo sì ti yí àwọn nǹkan kéékèèké kan padà kí wọ́n má baà dá ẹbí náà mọ̀.

Ẹni tó ni òde

Ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Màmá kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì wà lára àwọn ìyá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ló bí. Àkọ́bí, tó jẹ́ obìnrin, ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, òun ló sì san èyí tó pọ̀ jù nínú owó òde. Èkejì ti gbéyàwó láti ilé ńlá kan, àwọn àna yẹn sì ń bọ̀, bàbá àti ìyá ìyàwó. Àbíkẹ́yìn ló ní òun mọ olórin kan tó lè mú òde gbóná.

Olórin fújì ni, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí mo gbọ́ orúkọ rẹ̀, àyà mi kọ́kọ́ já, torí mo ti rí fídíò rẹ̀ níbi òde àwọn ọ̀dọ́, ẹnu rẹ̀ kò ní bíréèkì. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dùn, ó sì mọ oríkì í kì, èyí tí àwọn olórin ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ mọ́. Mo ro ti oríkì, mo gbà.

Mo pe àkọ́bí lórí fóònù, mo sọ ohun tó ń kọ mí lóminú fún un. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ṣáà sọ fún un kó má sọ ọ̀rọ̀ rírùn." Bó ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe sọ ọ́ fún máníjà. Ó dáhùn pé, "Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Màmá tiwa náà ni." Ibẹ̀ ni gbogbo àdéhùn lórí ẹnu olórin parí sí. Ìwé tí a fọwọ́ sí sọ iye ọmọ báàǹdì, iye wákàtí tí wọ́n máa fi ṣeré, owó ọkọ̀, oúnjẹ, àti ìdajì owó tí a máa san sílẹ̀. Kò sí ìlà kan níbẹ̀ tó kan ọ̀rọ̀ ẹnu.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn, mo sì fẹ́ dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ohun tí òyìnbó kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni Yorùbá fi etí gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ abẹ́ wà, ìyẹn àwọn tó ń dárúkọ ohun tí aṣọ bò. Èébú wà, tó ń lọ bá ẹnìkan. Èpè wà, tí àgbàlagbà kì í fi ṣeré rárá, kódà kí ẹni tó sọ ọ́ máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ rírùn létí olórin yẹn, ọ̀rọ̀ abẹ́ nìkan ni. Ó sì pa àdéhùn rẹ̀ mọ́: láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò dárúkọ ohun tí aṣọ bò ní Yorùbá. Bí a bá gbé e lọ sílé ẹjọ́ lórí gbólóhùn tí mo bá a sọ, òun ló máa jàre.

Láti aago mẹ́ta

Wákàtí àkọ́kọ́ dùn. Ọmọkùnrin náà ti lọ bi àbíkẹ́yìn léèrè oríkì ìdílé Màmá, ó kì í, ó lọ, ó bọ̀. Màmá dìde lórí àga, ó fi etí ìborùn nu ojú. Àwọn tí Màmá kọ́ ní iléèwé, tí irun ti funfun lórí àwọn náà, wá dúró yí i ká. Bó bá jẹ́ pé aago mẹ́rin ni òde parí ni, ǹ bá máa fi ọjọ́ yẹn ṣe àpẹẹrẹ fáwọn oníbàárà mi títí dòní.

Láti aago mẹ́rin ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á, torí kò bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu. Owó tí a ń san fún olórin, owó ọkọ̀ àti ti àwọn ọmọ báàǹdì ló ń gbà lọ jù. Èyí tí wọ́n ń ná fún un lójú agbo ni oúnjẹ rẹ̀. Òfin báǹkì àpapọ̀ ti ọdún 2007 sì sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn máa ná náírà báyẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni kò sẹ́ni tó kà á sí, títí di ọdún 2024 tí EFCC fi gbé àwọn gbajúmọ̀ lọ sí kóòtù, tí wọ́n sì rán ẹnìkan lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Láti ìgbà náà, níbi òde tí èmi ń ṣe, àpẹ̀rẹ̀ la máa ń gbé síwájú báàǹdì, àlejò á fi owó sínú àpò ìwé, á sọ ọ́ síbẹ̀. Ó bófin mu. Ṣùgbọ́n olórin kò rí ẹni tó fún un lówó mọ́, kò sì mọ iye tó wọlé. Ẹni tó ti ń fi ojú rí owó níwájú orí láti kékeré wá ń kọrin sí àpẹ̀rẹ̀.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn èèyàn. Ó yíjú sí ibi tí àwọn àna jókòó sí, ó ní ahun kan wà lóde yìí o, ó gbé mọ́tò ńlá wá, ó wá jókòó bí ẹni tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àga. Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá ìyàwó náà rẹ́rìn-ín, eyín nìkan ló rẹ́rìn-ín ọ̀hún. Mo rí i tí Màmá yọwọ́ kúrò lórí tábìlì, tó gbé e sórí ẹsẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ló bọ́ sí orin àwọn ọmọ ìgboro, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, ọ̀rọ̀ F yẹn, ó sọ ọ́, àwọn ọ̀dọ́ gbè é. Ọmọ àkọ́bí Màmá, ọmọbìnrin bí ọdún mẹ́wàá, fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó yí wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tọ̀ mí wá, ojú rẹ̀ ti pọ́n: "Àǹtí, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan tí ọmọkùnrin yẹn sọ?" Òótọ́ ni mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò dún létí mi bí èébú, bí ìgbà tí ìlù kan kàn lù ni. Màmá pàápàá kò mọ̀ pé nǹkankan ṣẹlẹ̀. Ní ìlú tí àkọ́bí ń gbé, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í jáde lórí tẹlifíṣọ̀n gbogboogbò kó tó di aago mẹ́sàn-án alẹ́, torí àwọn ọmọdé. Fún òun àti ọmọ rẹ̀, ìdọ̀tí ti já lu òde. Fún Màmá, ọ̀rọ̀ ahun tí wọ́n sọ sí àna ni ìdọ̀tí. Fún àbíkẹ́yìn, òde ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná ni. Èmi nìkan ni mo dúró láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n kò sì ní ohunkóhun nínú ìwé tí mo lè tọ́ka sí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe, àti bó ṣe bà á jẹ́

Mo kọ ọ́ sórí ìwé pélébé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Àwọn àna wà níbí." Máníjà mú un lọ fún un. Olórin kà á, ó fi sápò, ó wá gbé e sórí máìkì: "Wọ́n ní kí n rọra o!" Àwọn ọ̀dọ́ pariwo pé, "Má rọra!" Bẹ́ẹ̀ ni ìwé mi di orin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbè é.

Mo lọ bá oní-sáùńdì. Ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ti bá mi ṣiṣẹ́ bí ọdún mẹ́rin. Mo ní, "Tó bá tún sọ ọ́, fa ohùn rẹ̀ wálẹ̀." Ó wò mí. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ó dá yín lójú?" Mo ní ó dá mi lójú.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Olórin tún sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, oní-sáùńdì fa bọ́tìnì ohùn rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá. Ẹnu olórin ń mì, ohùn kò jáde. Bẹ́ẹ̀ àwọn onílù ń lù lọ. Ó gbá máìkì lórí, ó sún mọ́ sípíkà tó fi ń gbọ́ ara rẹ̀, kò gbọ́ nǹkankan. Àwọn ọmọ tó ń gbè é láìpẹ́ yìí wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi í rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tó lè dójú ti olórin tó ìyẹn. Ó gbójú sókè, ó rí oní-sáùńdì tó ń wò ó, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó já máìkì gbà lọ́wọ́ àwọn elégbè.

N kò ronú kan máìkì elégbè rárá. Àwọn mẹ́ta ló ń pín in, wọ́n máa ń jìnnà sí i díẹ̀ tí wọ́n bá ń gbè, nítorí náà oní-sáùńdì ti gbé e sókè ju ti olórin fúnra rẹ̀ lọ. Ọkùnrin kan ṣoṣo wá gbé e lé ètè, inú ti ru bò ó lójú. "Ìyá ẹ!" Igi ilé mì.

Gbogbo ìlù dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbọ́ ìró jẹnẹ́rétọ̀ láti ẹ̀yìn ilé. Obìnrin kan tó ń pín mọ́ínmọ́ín dúró gbagidi, àwo lọ́wọ́. Ìyá ìyàwó na ọwọ́ sí báàgì rẹ̀.

Gbogbo èèyàn inú gbọ̀ngàn ló mọ̀ pé oní-sáùńdì ló ń bú. Kò dín nǹkankan kù. Níbi òde ọgọ́rin ọdún, ìyá kan ṣoṣo ló wà nínú ilé. Orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri, àwòrán rẹ̀ wà lára abẹ̀bẹ̀ tí àwọn èèyàn fi ń fẹ́ ara wọn. Tí ẹnikẹ́ni bá ní "ìyá" níbẹ̀, òun ni ojú máa lọ bá. Ojú gbogbo èèyàn sì lọ bá a.

Olórin náà rí i, ẹ̀rù bà á. Ó wá ṣe ohun tó jọ pé ó tọ̀nà, tó sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ: ó fi máìkì ṣàlàyé. "Ẹ má bínú o, kì í ṣe Màmá ni mo bú, ọmọ sáùńdì yẹn ni!" Ó tún wá kó Màmá àti èébú sínú gbólóhùn kan náà, kedere, fún àwọn tí kò tiẹ̀ gbọ́ ti àkọ́kọ́. Àwọn ọmọkùnrin ẹbí méjì ti dìde. Ọ̀kan ti ń bọ́ agbádá.

Bàbá onígángan

Ẹni tó dàgbà jù nínú báàǹdì ni onígángan, bàbá tó ti lé lọ́gọ́ta. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Ó rìn wá síwájú, ó dúró sáàárín olórin àti àwọn èèyàn, ó ká gángan mọ́ abíyá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlù ki Màmá. Oríkì tí olórin kì lọ́sàn-án náà ni, ṣùgbọ́n lẹ́nu ìlù báyìí, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìkánjú. Ó kì í tán, ó bọ́ sórí orin ìyá kan tí gbogbo wa kọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí pé ọ̀gá iléèwé ni Màmá. Òun ló fi kọ́ àwọn tó jókòó sí tábìlì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yẹn. Obìnrin kan níbẹ̀ gbe orin náà, èkejì tẹ̀ lé e, kí n tó mọ̀, ìdajì gbọ̀ngàn ti dìde. Ẹni tó ń bọ́ agbádá tún gbé e sọ́rùn.

Bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ni bàbá yẹn rà fún wa. Nínú rẹ̀ ni máníjà ti gba máìkì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, tó sì mú un gba ẹnu ọ̀nà àwọn alásè jáde.

Mo ti ro ó lọ ro ó bọ̀, ìdí tí ìlù fi ṣe ohun tí bọ́tìnì kò lè ṣe. Bọ́tìnì mú ohùn kúrò, ó fi òfìfo sílẹ̀, olórin sì wá ohun tó máa fi dí i. Ìlù kò mú nǹkankan kúrò, ó gbé ohun mìíràn kalẹ̀. Bákan náà, àgbà báàǹdì ni bàbá yẹn, ó bá bàbá olórin ṣọ̀rẹ́, kò sí bí ọmọ yẹn ṣe fẹ́ ṣí ẹnu bú u. Oní-sáùńdì ní tirẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọ ìta lásán ni lójú rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí wọ́n ń di ẹrù, mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà. Ó ní, "Mo ti ń kìlọ̀ fún un láti ìgbà tó ti ń fa bàbá àna yẹn. Ìlù ni mo fi ń sọ ọ́. Kò gbọ́ ìlù." Gbólóhùn yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Iṣẹ́ àyàn ni èyí jẹ́ tẹ́lẹ̀: kí ìlù máa bá olórin sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, kó sọ fún un ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹni tó ń bínú, ibi tó yẹ kó yà. Ọmọ tó ní ohùn tó dùn tó báyẹn wà níwájú ìlù tó ń pariwo sí i, kò sì mọ ohun tó ń sọ.

Lẹ́yìn ilé

Láàárín àwọn kúlà ni a ti bá a, ó ń gbọ̀n. "Wọ́n dójú tì mí, Àǹtí. Lójú gbogbo ayé." N kò jà á níyàn, torí òótọ́ ni. Ó ní òun fẹ́ padà lọ sórí máìkì láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Èmi àti máníjà jọ kọ̀ ni. A mú un gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ síbi tí Màmá jókòó sí, láìsí máìkì, nígbà tí ìlù ṣì ń lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, aṣọ funfun rẹ̀ kan ilẹ̀.

Màmá wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Kí lorúkọ ìyá tó bí ọ?" Ó dárúkọ rẹ̀. "Ṣé ó wà láyé?" Ó ní, "Ó wà, mà." Màmá ní, "Pè é lálẹ́ òní. Fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tí o sọ lóde mi fún un. Dìde." Kò gbé ohùn sókè. Mo rò pé ohun tó ti máa ń ṣe fún àwọn ọmọ iléèwé nìyẹn.

Olórin kò kọrin mọ́ lọ́jọ́ náà. Báàǹdì ń lùlù láìsí orin títí di aago mẹ́fà, ó sì dùn. Àwọn àna ti lọ kí a tó gé kéèkì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ kejì àti àgbà ẹbí méjì lọ bẹ̀ wọ́n nílé, wọ́n sì gbà.

Ti owó gùn díẹ̀. Àkọ́bí ní òun kò san ìdajì tó kù. Máníjà ní kí a fi ibi tó wà nínú ìwé han òun, a kò rí i. Níkẹyìn, a san owó àwọn ọmọ báàǹdì pé, pàápàá jù lọ ti bàbá onígángan, a yọ ti olórin fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Èmi náà dá apá kan nínú owó iṣẹ́ mi padà fún àkọ́bí. Kò béèrè. Èmi ni mo pàṣẹ kí wọ́n fa ohùn wálẹ̀.

Fídíò rẹ̀ ti wà lórí WhatsApp kó tó di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ibi "Ìyá ẹ" ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì parí kí gángan tó wọlé.

Ìbéèrè àbíkẹ́yìn

Nígbà tí ilẹ̀ ti rọ̀, àbíkẹ́yìn wá bi mí ní ìbéèrè kan tí kò yẹ kí n fi ojú kéré wò. "Àǹtí, ṣé kì í ṣe Ìbàdàn náà la wà ni? Ṣé ẹ kò gbọ́ orin Òkè'Bàdàn rí?"

Mo gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ Òkè'Bàdàn, tọmọdé tàgbà ń fi ẹnu kíkún dárúkọ ohun abẹ́ kiri ìgboro, kò sì sẹ́ni tó ń jà. Ní ìlú Kétu àti agbègbè rẹ̀, ní Benin, ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ tó ń jáde lálẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lè bú olówó, ó lè bú ìjòyè, àjọ UNESCO sì ti ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ogún àwọn ọmọ aráyé láti ọdún 2001. Fẹlá ní alẹ́ tó yà sọ́tọ̀ fún yábíìsì ní Afrika Shrine, èébú ìjọba ni àwọn èèyàn torí rẹ̀ wá. Ìjà orin Barrister àti Kollington láyé ọdún 1980, àwa ọmọ Yorùbá fi owó wa ra rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ sílé. Ẹni tó bá ní Yorùbá kì í fi orin bú èèyàn, kò mọ Yorùbá.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Òkè'Bàdàn ní ọjọ́ tirẹ̀, ó ní abọrẹ̀ tirẹ̀, Abọ́kẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn sì ń lọ sínú ètùtù ìlú. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, ẹni tó bá gbé orin yẹn wọ ọjà lọ́la máa jẹ ìyà. Ẹ̀fẹ̀ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn ìyá kó tó ṣí ẹnu. Ẹni tó lọ sí Shrine ti mọ ohun tó fẹ́ lọ gbọ́. Nínú gbogbo wọn, ẹnìkan ti yọ̀ǹda ẹnu fún olórin, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ sì mọ̀. Nítorí náà, bí olórin bá ta tíkẹ́ẹ̀tì ti ara rẹ̀, tó sọ irú ẹnu tó ní fún ayé, kó máa sọ ọ́, n kò ní dá a lẹ́kun, n kò sì fara mọ́ ẹni tó bá fẹ́ dá a lẹ́kun. Níbi òde oníǹkan, ẹnu tí wọ́n yá a ni. Kò sí ìjọba tó máa bá wa ṣọ́ ọ: àjọ NBC, tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, lè dá orin dúró lórí rédíò, agbára rẹ̀ kò dé gbọ̀ngàn ayẹyẹ. Àwa la ni ín.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí

N kì í sọ "ọ̀rọ̀ rírùn" fún olórin kankan mọ́. Mo máa ń jókòó tì í, èmi àti òun fúnra rẹ̀, kì í ṣe máníjà nìkan, kí a dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: kò sí èébú ìyá tàbí ti bàbá, kò sí èpè kódà nínú eré, kò sí ahun sí ẹni tí ojú lè bá. Bí àwọn ọmọ òkè òkun bá ń bọ̀, a ó ka ti Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, mo máa ń bi í léèrè pé: "Kí ló sábà máa ń bọ́ lẹ́nu yín tí inú bá ń bí yín?" Ìbéèrè yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì sọ ọ́. Èébú tí olórin pète láti fi ṣeré kò tó nǹkan. Èyí tó bọ́ nígbà tí ojú bá tì í ló ń ba òde jẹ́.

Mo máa ń fún un ní orúkọ àwọn tó máa jókòó síwájú, àti ohun tí wọ́n jẹ́ sí ẹni tó ni ọjọ́: àna, olùṣọ́àgùntàn, ọba tó bá wà. A sì máa ń pín àkókò. Títí Màmá tàbí Bàbá á fi wọ mọ́tò, ti àgbà ni. Lẹ́yìn náà, kí àwọn ọmọ gba ilẹ̀, bí ẹbí bá sì ti gbà kí ẹnu tú sílẹ̀ ni yóò ṣe tú. Ìyàtọ̀ tí èyí ṣe pọ̀. Olórin tó mọ̀ pé wákàtí tirẹ̀ ń bọ̀ máa ń ní sùúrù.

Nípa ti ìkìlọ̀, mo máa ń wá àgbà báàǹdì kí n tó wá oní-sáùńdì, onílù ló sábà máa ń jẹ́. A ó jọ fi ẹnu kò sórí àmì kan, mo sì máa ń rí i dájú níwájú méjèèjì pé olórin gbọ́ àmì náà yé. Fífa ohùn ẹni tí inú ń bí wálẹ̀, n kò jẹ́ ṣe é mọ́. Tó bá di dandan, a ó gbé kíbọ́ọ̀dù àti ìlù sókè bo ohùn náà, a ó sì fa gbogbo máìkì ohùn wálẹ̀ pọ̀, ti elégbè pẹ̀lú. Bí ọ̀rọ̀ bá ti bọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi máìkì ṣàlàyé. Ìwé àdéhùn ti ní ìlà tirẹ̀ báyìí, tó so apá kan nínú owó tó kù mọ́ ọn.

Ìlà kan tún wà lókè ti owó, kì í sì í ṣe èmi ni mo ronú rẹ̀.

Bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn òde yẹn, a parí iṣẹ́ níbòmíràn, oní-sáùńdì ń ká wáyà mọ́ ọwọ́, mo ń ka àga. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Àǹtí, gbogbo yín lẹ bẹ Màmá." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ó ní, "Ìyá mi ló bú. Ìyá mi ti kú."

Mo jókòó lórí ọ̀kan nínú àwọn àga yẹn. Gbogbo wa, látorí olórin títí dórí èmi, la ti ń tẹnu mọ́ ọn pé kì í ṣe Màmá ni ọ̀rọ̀ náà bá. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó bá. Èmi tí mo rán ọmọ náà níṣẹ́, tó sì ti bi mí bóyá ó dá mi lójú, n kò bẹ̀ ẹ́ títí di alẹ́ yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Mo pe máníjà kí n tó sùn.

Olórin dá wá sí ṣọ́ọ̀bù oní-sáùńdì lọ́jọ́ Tuesday. Èmi dúró lójú títì. Wọ́n jókòó sórí àpótí sípíkà, ojú kojú, bí ogún ìṣẹ́jú, n kò sì béèrè ohun tí wọ́n bára wọn sọ. Ìlà tó wà lókè ti owó nínú ìwé mi nìyí: ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá, ì báà ṣe àlejò, ì báà ṣe òṣìṣẹ́, òun la máa kọ́kọ́ bẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.